Alhaja Ṣọ́ọ̀ṣì

Bí àsìkò ìrun àsárì bá ti ń sún mọ́lé, Àbídèmí kì í lè jókòó mọ́. Oníbàárà lè wà níwájú rẹ̀ tó ń ná táìlì ilé ìwẹ̀, ojú rẹ̀ á wà lára fóònù, etí rẹ̀ á wà lójú títì. Ó pẹ́ tó ti ń ta táìlì ní Ṣàngótẹ̀dó, gbogbo ẹni tó bá a rajà ló sì mọ̀ ọ́n sí oníṣùúrù. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mélòó kan, adìẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀: ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Bí fóònù bá dún, àyà rẹ̀ á já. Bí kò bá dún, àyà rẹ̀ á tún já jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, fóònù dún. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì ẹ́sítéètì Abraham Adésànyà, níbi tí òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé, ló pè é.

"Màdáámù, ẹ má bínú o. Alhaja ti jáde."

"Báwo ni wọ́n ṣe jáde? Ṣebí mo ní kẹ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n jáde?"

"Wọ́n kí mi ni, Màdáámù. Wọ́n ní ṣé àlàáfíà ni ìyàwó mi wà. Kí n tó dáhùn tán, wọ́n ti wà nínú kẹ̀kẹ́."

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Àbídèmí ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Kò béèrè ibi tí kẹ̀kẹ́ náà gbé ìyá òun gbà, torí ó mọ̀. Gbogbo àwọn oníkẹ̀kẹ́ Ajah ló mọ̀. Wọ́n tilẹ̀ ti sọ ìyá náà lórúkọ: Alhaja Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń pè é.

Alhaja Mọ̀nsúrát ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọmọ Ajah ni, ọmọ apẹja, ìdí èéfín ẹja ló dàgbà sí. Ẹja ló yan títí tó fi rí owó lọ sí Mẹ́kà, tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà ayé rẹ̀ pé ọkọ̀ òfúrufú ló gbé àwọn yòókù lọ, èéfín ló gbé ìyàwó òun. Kì í pa ìrun jẹ. Kì í sì í ṣe ẹni tí wọ́n lè fi ìrẹsì Kérésì yí lọ́kàn padà; á jẹ ìrẹsì náà, á tún tọrọ sí i, á sì padà sídìí tẹ̀sùbáà rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ọjọ́ ogbó dé, ìgbàgbé bá a dé. Ibi tó bọ́ bàtà sí ló kọ́kọ́ ń gbàgbé. Lẹ́yìn náà ó gbàgbé pé ọkọ òun ti kú. Bí wọ́n bá tún tú ọ̀fọ̀ náà fún un, á sunkún bí ẹni pé òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Nígbà tó yá, ó gbàgbé Àbídèmí.

Èyí ló dun ọmọ náà dé egungun. Ìyá rẹ̀ kì í pè é lọ́mọ mọ́, "Àǹtí" ló ń pè é. "Ẹ ṣé, Àǹtí. Oúnjẹ yín dùn. Ọlọ́run á fún yín lọ́mọ tó máa ṣe é fún yín." Kí ìyá tó bí ọ máa kí ọ bí àlejò ṣe ń kí onílé! Àbídèmí á gbé abọ́ wọ kíṣìnnì, á ṣí ẹ̀rọ omi kí ariwo rẹ̀ lè bo ẹkún. Ẹni tí irú rẹ̀ ò bá tíì ṣe, kó má sọ pé òun mọ ohun tó ń jẹ́ ìbànújẹ́.

Ibi tí Alhaja sì ń sá lọ lójoojúmọ́ ni kàtídírà tó wà létí ọ̀sà, tí àwa ará ibí ń pè ní Ṣọ́ọ̀ṣì Àgbà. Kí ọ̀dà tó dé ojú títì wa ló ti wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ronú pé èèyàn lè fi géètì ti àdúgbò pa. Bíríkì pupa ni ara rẹ̀, atẹ́gùn oníyọ̀ ti jẹ ẹ́ láwọn ibì kan, ilé agogo rẹ̀ sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn apẹja fi ń wò ó wálé nígbà tí ọyẹ́ bá bo ojú omi. Bí àlejò bá béèrè mọ́ṣáláṣí ńlá lọ́wọ́ ọmọ Ajah, ohun tó máa gbọ́ ni pé, "Tó o bá ti rí Ṣọ́ọ̀ṣì Àgbà, yà sọ́wọ́ òsì." Lẹ́mọ́ọ̀mù gan-an, bó ṣe ń júwe rẹ̀ nìyẹn.

Àmọ́ kì í ṣe gíga ló sọ ọ́ di ti gbogbo wa. Ìjà ilẹ̀ ni. Nígbà tí Àbídèmí ṣì wà lọ́mọ ọwọ́, ìlú dà rú, àdá ń fò, ilé ń jó. Àlùfáà ìgbà náà ṣí ilẹ̀kùn kàtídírà sílẹ̀ gbayawu, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ti wọlé, ọmọ òun ni. Àwọn ọdẹ wá, wọ́n ta màrìwò sí ẹnu ọ̀nà ọgbà rẹ̀, gbogbo àwọn tó ń jà ló sì mọ̀ pé ibi tí a bá ta màrìwò sí, a kì í gbé ìjà wọ ibẹ̀. Lẹ́mọ́ọ̀mù ń kírun pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀ lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ inú ọgbà. Àwọn Kristẹni ń kọrin nínú ilé. Èwo nínú ẹ̀sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wá gba àwọn èèyàn náà là? Ẹni tó bá ń wá ìjà tuntun ni kó béèrè.

Láti ìgbà náà, gbogbo ẹni tó sá síbẹ̀, àtọmọ wọn, a máa padà lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ láti lọ gbá ọgbà náà. Ọjọ́ Ìgbálẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Olúkúlùkù á mú ọwọ̀ tirẹ̀ wá láti ilé. Wọn kì í wàásù fún ara wọn. Ilẹ̀ ni wọ́n ń gbá.

Àbídèmí mọ ìtàn yìí bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀, láti kékeré ló ti ń bá ìyá rẹ̀ gbálẹ̀ níbẹ̀. Ọgbà ni wọ́n ń gbá ṣá o; láti ìgbà tó ti gbọ́njú, kò wọ inú ilé rí. Ohun tí ò yé e ni bí ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ṣe wá di ojoojúmọ́.

Nígbà tó dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn ló gbà, níbi tí ọgbà ti kọjú sí ọ̀sà. Wọ́n ti gbé àga fún Alhaja sí ẹnu ilẹ̀kùn yàrá kékeré tí àwọn àlùfáà ti ń wọ aṣọ ìsìn. Àwọn akọrin ń kọ́ orin lọ́wọ́ nínú ilé, ìyá náà sì ń mi orí sí i tòun ti tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Káńọ̀nù Akínọ̀ṣọ́, alábòójútó kàtídírà náà, dúró tì í pẹ̀lú ife lọ́wọ́.

Ojú Àbídèmí pọ́n. "Káńọ̀nù, kí lẹ̀ ń fún ìyá mi mu?"

"Omi ni."

"Irú omi wo?"

Káńọ̀nù wo inú ife náà, bí ẹni tí kò dá ara rẹ̀ lójú mọ́. "Píọ̀ wọ́tà, Màdáámù. Ẹ wo ọ̀rá ẹ̀ nílẹ̀ yẹn."

"Ẹ má fi mí ṣeré! Gbogbo ayé ló ń sọ pé ẹ ti gba ìyá mi lọ́wọ́ mi. Ìyá tó ti lọ sí Mẹ́kà!"

"Màdáámù Àbídèmí, òrùlé ń jò lé mi lórí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ làwọn kọ́ńtírákítọ̀ ń bọ̀ wá fi páànù yí gbogbo ibí ká, kò sẹ́ni tó máa lè wọlé títí wọ́n á fi ṣe é tán. Ṣẹ́ ẹ rò pé mo ráyè àtijí ìyá oníyàá gbé?" Ó rọ ohùn sílẹ̀. "Ilẹ̀kùn yìí ni wọ́n máa ń wá kàn. Ìyàwó Alágogo ni wọ́n ń béèrè. Mo gbọ́ pé ọkọ ìyá yẹn ló máa ń lu agogo níbí láyé àtijọ́, àtòun àtọkọ ẹ̀ ló ti kú kí n tó dé. Ṣẹ́ ẹ mọ ohun tí Alhaja ń wá lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Mo mọ̀," ni Àbídèmí wí, ó sì fa ìyá rẹ̀ dìde.

Irọ́ ni, kò mọ̀. Ohun tó ń rò ni pé láyé ọjọ́ náà, ìyàwó Alágogo ti wàásù sí ìyá òun létí, pé ìwàásù ọ̀hún ló wá ń hù báyìí tí iyè ìyá náà ti ra. Ẹ ò rí i pé ẹni tó ń bẹ̀rù lè fi iyanrìn mọ odi. Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wọn lọ sílé, Alhaja ń wẹ̀yìn ṣáá. Ó ń wẹ̀yìn títí wọn ò fi rí ilé agogo mọ́.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, àbúrò Àbídèmí tó ń jẹ́ Ràṣídì pe ìpàdé sí ilé rẹ̀ ní Lẹ́kkí Phase 1. Lọ́yà ni Ràṣídì, ohun tí èèyàn yóò wí sì máa ń dùn ún ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ.

"Àǹtí mi, ọ̀rọ̀ yìí ti di síríọ́ọ̀sì," ló wí. "Ẹnì kan ní ọ́fíìsì bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni mọ́mì mi ti gba Jésù. Ní ọ́fíìsì o! Tí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀, kÓlọ́run má jẹ̀ẹ́, ta ló máa sin wọ́n? Ṣé a máa bá àwọn ṣọ́ọ̀ṣì fa òkú ni?"

Wọ́n ti pe Alfa Ìsmáílà wá kó wá kéwú sí omi. Alfa náà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà látòkèdélẹ̀, ó wá fọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Ràṣídì, ìyá tí ò rántí orúkọ ọmọ ẹ̀, ẹ̀sìn wo ló fẹ́ rántí pààrọ̀?"

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Alfa kéwú sí omi. Ràṣídì ra àgádágodo kún un.

Ilé bá di ọgbà ẹ̀wọ̀n, Àbídèmí sì di wọ́dà. Bí àsárì bá ti kù díẹ̀, Alhaja á dìde. Á fi ìborùn borí, á lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn iwájú, á mì í. Á lọ sí ti ẹ̀yìn, á mì í. Á tún padà sí ti iwájú bí ẹni pé ó lè ti ṣí kó tó dé. Ó ń rìn, ó ń rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbélẹ̀.

"Àǹtí, ẹ bá mi ṣílẹ̀kùn. Ilẹ̀ ń ṣú lọ. Ẹ ṣàánú mi, ẹ̀yin náà ṣáà ń ṣe abiyamọ."

"Màámi, níbo lẹ fẹ́ lọ?"

Ìyá náà á wo ọ̀tún, á wo òsì, ojú á tì í bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò dáa. "Mò ń bọ̀ báyìí," lá wí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ rí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oúnjẹ. Ó lu ilẹ̀kùn títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi wú. Àbídèmí á jókòó sílẹ̀, á fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn kan náà, kọ́kọ́rọ́ nínú àyà rẹ̀, á máa gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ lókè orí rẹ̀. Ó ti ṣíwọ́ lílọ sí ìsọ̀. Oorun ti kúrò lójú rẹ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń bínú sí ìyá náà, lẹ́yìn náà á bínú sí ara rẹ̀ pé òun bínú, á wá kó gbogbo ìbínú náà jọ, á dì í lé ṣọ́ọ̀ṣì lórí. Ṣọ́ọ̀ṣì ò ṣáà lè dáhùn.

Bẹ́ẹ̀ ni Ọjọ́ Ìgbálẹ̀ ṣe dé bá wọn. Ó jẹ́ ọjọ́ Sátidé, ọyẹ́ mú. Àbídèmí ti pinnu pé lọ́dún yìí àwọn ò lọ, ó ti fi ọwọ̀ pamọ́ sẹ́yìn fìríìjì. Ní ọ̀sán, ọkùnrin tó ń ta gáàsì gbé sílíńdà dé. Àbídèmí ṣílẹ̀kùn fún un, ó ṣáájú rẹ̀ wọ kíṣìnnì láti fi ibi tó máa gbé e sí hàn án. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ò ju gbólóhùn méjì lọ. Ìgbà tó jáde, ilẹ̀kùn ló rí, kò rí ìyá.

Kò mọ bó ṣe dé títì. Bàtà tó wọ̀ ò bára mu. Oníkẹ̀kẹ́ tó kọ́kọ́ bá pàdé ní, "Alhaja Ṣọ́ọ̀ṣì? Èmi ni mo gbé wọn. Mo já wọn sílẹ̀ létí páànù, wọ́n ní kí n máa lọ, ẹnì kan ń dúró de àwọn."

"Ta ló ń dúró dè wọ́n?"

"Wọn ò sọ o."

Nígbà tó dé Ṣọ́ọ̀ṣì Àgbà, kò dá ibẹ̀ mọ̀. Páànù ti yí gbogbo rẹ̀ ká, ilé agogo nìkan ló yọrí. Àwọn èèyàn pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ̀ lọ́wọ́ gbogbo wọn, wọ́n ń bá Ẹnjiníà Yọ̀mí, ọ̀dọ́mọkùnrin tí iṣẹ́ àtúnṣe wà níkàáwọ́ rẹ̀, fa ọ̀rọ̀. Bàbá Ògúnbọ̀dé ló síwájú. Mẹkáníìkì ni bàbá náà ní Ṣàngótẹ̀dó, ojúbọ Ògún wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni olórí àwọn ọdẹ tó ta màrìwò síbẹ̀ nígbà ìjà.

"Ẹnjiníà, a ò fo ọdún kan rí," ni bàbá náà ń wí. "Ẹlẹ́sìn Ògún ni mí, mi ò wá gbàdúrà. Mo wá gbálẹ̀ ni. Tí mi ò bá gbálẹ̀ ibí, kí ni mo fẹ́ wí fún òkú bàbá mi?"

"Bàbá, mo gbọ́ yín. Àmọ́ tí bíríkì kan bá já lé ẹnì kan lórí, èmi ni wọ́n máa gbé."

Obìnrin oníhìjáàbù kan bú sẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà. "Bíríkì tí ò já lé wa lórí nígbà tí wọ́n ń fi àdá lé wa káàkiri? Ẹ má dójú ti bíríkì o!"

Àbídèmí fi ìgúnpá la àárín wọn kọjá, ojú rẹ̀ ń wá gèlè funfun, ìborùn aláwọ̀ ewé. Kò rí i. Ibẹ̀ ló wá rántí pé ẹ̀yìn ni ìyá òun máa ń gbà, àti pé báyìí tí wọ́n ti ri páànù mọ́lẹ̀, ilẹ̀ tó kù láàárín páànù àti ọ̀sà ò ju ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lọ. Ó figbe ta.

"Ẹ gbà mí! Ẹ bá mi wá ìyá mi! Wọ́n ti gba etí omi!"

Kò sẹ́ni tó tún rántí ìjà. Gbogbo wọn ṣùrù bo ẹ̀yìn, àti oníhìjáàbù, àti ẹlẹ́sìn Ògún, àti àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n ṣán ìró mọ́ àyà, Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ń sáré tẹ̀lé wọn.

Ohùn ìyá náà ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Ó dúró sínú ẹrẹ̀, omi dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, bàtà rẹ̀ kan ti bá omi lọ. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lu páànù.

"Ìyàwó Alágogo! Ìyàwó Alágogo o! Mo ti dé! Ẹ gbé ọmọ mi fún mi! Ọmú mi ti kún, ó ń ro mí!" Ó fọwọ́ di àyà rẹ̀ tó ti gbẹ mú, bí abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ ò tíì mu ọmú láti àárọ̀.

Àbídèmí kó wọnú ẹrẹ̀, ó dì mọ́ ọn. "Màámi, èmi rèé! Èmi ni ọmọ yín!"

Alhaja tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ kúrò lọ́nà fún mi. Ọmọ ọwọ́ ni mò ń wí."

Wọ́n fà á sórí ilẹ̀ gbígbẹ, síbẹ̀ kò yé lu páànù, kò yé ké sí ìyàwó Alágogo. Bàbá Ògúnbọ̀dé bọ́ fìlà. Ó wo Àbídèmí títí.

"Wọn ò sọ fún ẹ rí?"

"Kí ni wọn ò sọ fún mi?"

"Báwo ni wọ́n á ṣe sọ ọ́?" Bàbá náà mí kanlẹ̀. "Ojú mi ló ṣe. Mo wà níbí pẹ̀lú bàbá mi. Ìgbà tí wọ́n bí ẹ, bàbá ẹ wà ní Ẹ̀pẹ́ níbi iṣẹ́, ìdí tó o fi ń jẹ́ Àbídèmí nìyẹn. Bí ìjà ṣe bẹ́, ìyá ẹ gbé ẹ sá wá síbí. Ló bá gbọ́ pé bàbá ẹ ti ń bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi láti wá rí ọmọ, pé kò mọ nǹkan kan, àárín àwọn tó ń jà gan-an ló sì máa gúnlẹ̀ sí. Ìyá ẹ ní àfi kóun lọ dá a padà lójú omi. Wọn ò lè gbé ọmọ ọwọ́ dání nínú ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fẹ́ bá lọ. Ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn páànù yìí ni wọ́n ti gbé ẹ lé ìyàwó Alágogo lọ́wọ́. Àsárì ni. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ báyìí."

Bàbá náà nawọ́ sí ojú ọ̀sà.

"Ìyá ẹ dá bàbá ẹ padà lóòótọ́. Àmọ́ wọn ò rí ọ̀nà wọ̀lú mọ́ títí ìjà fi rọlẹ̀. A ti rò pé wọ́n ti kú. Ìyàwó Alágogo ń fi omi ògì bọ́ ẹ. Ọjọ́ tí ìyá ẹ wá dé, o ò dá wọn mọ̀. Wọ́n fi ọmú sí ẹ lẹ́nu, o kọ̀, ò ń ké, ò ń wá ìyàwó Alágogo. Mo rí bí wọ́n ṣe sunkún lọ́jọ́ yẹn. Mi ò rí irú ẹ̀ rí."

Àbídèmí dúró, ẹrẹ̀ ń kán lára rẹ̀. Òun ni. Láti ọjọ́ yìí wá, òun ni ìyá òun ń wá. Wọ́n ní ó ń wá Ọlọ́run ẹlòmíì, wọ́n kéwú sí omi, wọ́n ra àgádágodo. Nígbà tó ń fi ọwọ́ wíwú lu ilẹ̀kùn, ọmọ tó ń wá ló jókòó sídìí ilẹ̀kùn náà tó fi kọ́kọ́rọ́ sáyà. Ojú tì í, àánú ṣe é, ó dùn ún débi pé kò lè sunkún. Kò tíì sí ẹni tó wá a tó bẹ́ẹ̀ rí láyé.

Ó kọjú sí Ẹnjiníà. "Ẹ jẹ́ kí n wọlé. Ẹ bá mi ká páànù kúrò níwájú ilẹ̀kùn yẹn, kí n gba inú ilé yọ sí wọn."

Ẹnjiníà ya ẹnu láti tún sọ̀rọ̀ bíríkì tó lè já. Ó wo ìyá tó ń lu páànù. Ó bọ́ akoto orí rẹ̀, ó gbé e fún Àbídèmí.

Wọ́n ti lọ pe Káńọ̀nù, ó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Òun àti Àbídèmí gba iwájú. Ní ẹnu ọ̀nà, Àbídèmí sọ pé "Bísímíláì," ó sì bẹ̀rẹ̀ láti bọ́ bàtà.

"Ìṣó wà nílẹ̀, Màdáámù," ni Káńọ̀nù wí. "Ẹ wọ̀ ọ́ wọlé."

Bó ṣe wọ inú kàtídírà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti ń sùn nínú rẹ̀ lọ́mọ ọwọ́ nìyẹn. Irin àwọn òṣìṣẹ́ dúró gágáàgá dé òrùlé, eruku ń fò, òórùn àdán gba ibẹ̀ kan. Ìmọ́lẹ̀ aláràbarà ń wọlé láti ojú fèrèsé, ó ń bọ́ sórí àwọn àga tí wọ́n fi ọ̀rá bò. Ó tutù nínú ilé náà, ó sì fẹ̀. Ó ń rìn lọ, ó ń wolẹ̀, ó ń rò ó pé ibo gan-an ni wọ́n tẹ́ òun sí, ta ló sùn lápá ọ̀tún, ta ló sùn lápá òsì, ọmọ ta ni ẹkún òun jí lójú oorun. Kò sí ẹni tó bi òun ní ẹ̀sìn tí wọ́n bí òun sí.

Wọ́n dé yàrá ẹ̀yìn. Níta, àwọn òṣìṣẹ́ ń ká páànù, ariwo rẹ̀ ń han. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ ọ tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ bà lé ara igi. Kó, kó, kó.

Káńọ̀nù di ìdábùú ilẹ̀kùn mú. "Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Ẹ sọ pé ọmọ wọn rèé."

Ó ṣílẹ̀kùn. Oòrùn wọlé gbàà. Àbídèmí bọ́ akoto kúrò lórí, ó dúró gbọnrangandan bí ọmọ tó wà níwájú tíṣà. Ìyá rẹ̀ wò ó láti òkè délẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ẹlòmíì ń bọ̀. Kò sí ẹlòmíì.

"Ìyá, ọmọ yín rèé," ni Káńọ̀nù wí. "Ẹ gbà á."

Alhaja sún mọ́ ọn. Ó fi imú sí i lọ́rùn, ó gbóòórùn rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, omi ti kún un lójú.

"Ó ti tóbi," ló wí fún Káńọ̀nù. "Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ kú ìtọ́jú." Ó fọwọ́ gba Àbídèmí lẹ́rẹ̀kẹ́. "Ṣé ebi ò pa ọ́? Má bínú. Mo pẹ́, àbí? Má bínú sí mi, Àbídèmí."

Ó tú ìborùn rẹ̀, ó yí ẹ̀yìn padà, ó tẹ̀.

"Ó yá, wá gun ẹ̀yìn."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá Ògúnbọ̀dé wo apá ibòmíì. Àbídèmí, tó fi ìlàjì sanra ju ìyá rẹ̀ lọ, tẹ orúnkún, ó gbé àyà lé ẹ̀yìn ìyá náà, ó fọwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn. Ìyá fi ìborùn dì í, débi tó bá lè dé. Báyìí ni wọ́n ṣe gba etí ọ̀sà lọ, ẹsẹ̀ ọmọ nílẹ̀, àyà ọmọ lẹ́yìn ìyá, ìyá ń fọwọ́ lù ú nídìí pẹ́pẹ́ kó má baà sunkún. Ẹkún wo ló tún kù? Ó ti ń sun ún.

Alhaja jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì sùn fọnfọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kí ọmọ rẹ̀ pé, "Ẹ káàárọ̀, Àǹtí. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ gbà mí sílé."

Àbídèmí gbé abọ́ wọ kíṣìnnì. Kò ṣí omi. Fóònù ló gbé, ó pe Ràṣídì, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Lọ́yà náà ò jiyàn, ó kàn béèrè pé aago mélòó ni kóun wá gbé Màámi. Àbídèmí pe Káńọ̀nù, Káńọ̀nù pe Ẹnjiníà, Ẹnjiníà ní òun ò ní dá páànù ẹyọ kan yẹn padà, àmọ́ ẹni tó bá máa wọlé gbọ́dọ̀ dé akoto.

Nígbà tí àsárì kù díẹ̀, Alhaja dìde nínú ilé, ó fi ìborùn borí, ó ní ilẹ̀ ń ṣú lọ. Ràṣídì ṣílẹ̀kùn fún un, ó sì dì í lọ́wọ́ mú. Àbídèmí ò sí nílé. Ó ti padà lọ ṣí ìsọ̀, ó tètè tì í, ó ti ṣáájú wọn dé Ṣọ́ọ̀ṣì Àgbà, ó dúró nínú òkùnkùn yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú akoto lórí, ara rẹ̀ ò balẹ̀, kò mọ̀ bóyá ìyá òun máa gba òun lónìí, ó tẹ́tí mọ́ igi ilẹ̀kùn, ó ń dúró kí wọ́n wá kàn án.